VSEPR, hybridization tàbí àkọ́sórí: èwo ni kí ẹ fi mọ ìrísí mólékù?

Bí ìdánwò WAEC àti JAMB bá ti ń sún mọ́lé ní Ìlọrin, ìbéèrè kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kẹ́mísírì: "Àǹtí, èwo gan-an ni ká dì mú?" Ìwé kan ní kí wọ́n ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjìméjì tó yí átọ́ọ̀mù ká; VSEPR nìyẹn. Òmíràn ní kí wọ́n kọ sp, sp², sp³; hybridization nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ti wọ yunifásítì ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, kí wọ́n há gbogbo rẹ̀ sórí, kí wọ́n sì lọ sùn. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ibi tó wúlò dé. Mo máa gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí, lẹ́yìn náà mo máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ohun tí a fi ń rí ìrísí náà lójú: bàlúùnù, amọ̀, fóònù. Ibi tí mo dúró sí kò pamọ́. Kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó sọ orúkọ. Ẹni tó bá mọ iye èjì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó yí átọ́ọ̀mù àárín ká ti mọ ibi tó pọ̀ jù nínú ìrísí mólékù náà, kódà bí kò bá gbọ́ orúkọ mólékù ọ̀hún rí.

Kí la fẹ́ fi ìrísí ṣe?

Ẹ wo CO₂ àti H₂O. Átọ́ọ̀mù mẹ́ta-mẹ́ta ni méjèèjì ní. Nínú CO₂, átọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lọ gbọọrọ, 180°. Nínú omi, wọ́n tẹ̀, 104.5°. Oxygen ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n nínú CO₂, ọ̀kan ń fà sọ́tùn-ún, èkejì ń fà sósì, agbára wọn dọ́gba, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Nínú omi, wọn ò lè pa ara wọn rẹ́, torí mólékù náà tẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kan di nẹ́gétíìfù díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì di pọ́sítíìfù díẹ̀. Àwọn onímọ̀ wọ̀n èyí, wọ́n rí 1.85 debye (òṣùwọ̀n fún bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe yàtọ̀ tó) fún omi àti òdo fún CO₂. Torí ẹ̀ ni omi fi lè yọ́ iyọ̀. Ó sì wà lára ìdí tí omi fi wà bí omi nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìlọrin, nígbà tó jẹ́ pé láti nǹkan bí −78°C ni CO₂ ti ń di afẹ́fẹ́. Ẹ rí i pé a ò kọ́ ìrísí torí ìdánwò nìkan. Bí a bá ṣi ìrísí mú, gbogbo ohun tí a bá sọ lẹ́yìn rẹ̀ nípa yíyọ́, híhó àti bí oògùn ṣe ń bá ara ṣe pọ̀ máa ṣì pẹ̀lú.

Àkọ́sórí

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Mólékù tí JAMB dárúkọ kò pọ̀: H₂, O₂, Cl₂, HCl àti CO₂ tò lọ gbọọrọ, omi tẹ̀, NH₃ rí bíi píramídì, CH₄ jẹ́ tetrahedral (ó na ọwọ́ mẹ́rin sí igun mẹ́rin). Ọmọ tó bá jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan máa há a. Bí ìdánwò bá ku ọjọ́ mélòó kan, tó sì jẹ́ ìbéèrè onílẹ́tà A dé D nìkan ló wà níwájú yín, ẹ há a sórí, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni ìgbà tí olùdánwò bá yí mólékù padà. Ọmọ tó há NH₃ máa wo PH₃ bíi pé kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ gúrúùpù kan náà ni phosphorus àti nitrogen wà. Ọmọ tó há CH₄ ò ní mọ̀ pé NH₄⁺ ní ìrísí kan náà. Àkọ́sórí ò ní fún un ní ohun tó máa fi ṣírò. Àwọn òbí tó ń sanwó ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ fojú sí èyí: bí ọmọ bá lè dárúkọ ìrísí mẹ́jọ ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ìdí ẹyọ kan, ẹ ní kí olùkọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn.

VSEPR: ẹ ka èjì, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra

Ní 1916 ni G. N. Lewis ní Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì-méjì ló ń so átọ́ọ̀mù pọ̀. Ní 1940, Sidgwick àti Powell ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ mólékù tí a ti mọ ìrísí wọn jọ, wọ́n sì fi hàn pé iye èjì tó wà ní ìpele òde átọ́ọ̀mù àárín ló ń pinnu bí àwọn átọ́ọ̀mù yòókù ṣe máa tò. Gillespie àti Nyholm ló wá tún un ṣe ní 1957 débi tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè lò ó lórí bébà. Orúkọ VSEPR (Valence Shell Electron Pair Repulsion) tí a ń pè é lónìí ń sọ ohun kan ṣoṣo: àwọn èjì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele òde ń ta ara wọn nù, wọ́n sì máa ń wá ibi tí wọ́n ti lè jìnnà síra jù lọ yí átọ́ọ̀mù àárín ká.

Kì í ṣe torí pé cháàjì wọn jẹ́ nẹ́gétíìfù nìkan ni wọ́n fi ń ta ara wọn nù. Òfin Pauli ò gbà kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí spin wọn (ànímọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ní ọ̀nà méjì péré) bá dọ́gba kóra jọ sójú kan. Méjì tí spin wọn yàtọ̀ lè jọ wà, ìyẹn ló fi jẹ́ méjì-méjì. Àwọn èjì yòókù ní láti wá àyè tiwọn.

Ọ̀nà kíkà rèé. Ẹ mú iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìpele òde átọ́ọ̀mù àárín. Ẹ fi ẹyọ kan kún un fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan tí ìdè ẹlẹ́yọ kan so mọ́ ọn, bíi hydrogen, fluorine tàbí chlorine. Bí mólékù náà bá jẹ́ ion pọ́sítíìfù, ẹ yọ iye cháàjì rẹ̀ kúrò; bó bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, ẹ fi kún un. Ẹ pín in sí méjì. Iye èjì gbogbo nìyẹn. Ẹ wá yọ iye átọ́ọ̀mù tó so mọ́ àárín kúrò nínú rẹ̀, ohun tó bá kù ni èjì àdáwà, èyí tí a máa ń pè ní lone pair ní kíláàsì.

Fún NH₃: 5 + 3 = 8, a pín in sí méjì, ó di 4. Átọ́ọ̀mù 3 ló so mọ́ nitrogen, nítorí náà èjì àdáwà kan ló kù. Fún omi: 6 + 2 = 8, èjì mẹ́rin, àdáwà méjì. Fún NH₄⁺: 5 + 4 − 1 = 8, èjì mẹ́rin, kò sí àdáwà. Fún BF₃: 3 + 3 = 6, èjì mẹ́ta, kò sí àdáwà. Ẹ ò ní láti mọ orúkọ orbital kankan (àyè tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé nínú átọ́ọ̀mù) kí ẹ tó ṣe ìṣirò yìí.

Èjì méjì máa ń wà ní 180° síra. Mẹ́ta máa tò sórí pẹrẹsẹ kan ní 120°. Mẹ́rin máa na ọwọ́ sí igun mẹ́rin tetrahedron ní 109.5°. Márùn-ún: mẹ́ta ní ìbàdí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mẹ́fà: octahedral (mẹ́rin ní ìbàdí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀), 90° láàárín àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì kò jìnnà sí èyí. Ọmọ kan bi mí léèrè nínú kíláàsì pé, "Àǹtí, ẹ ní èjì mẹ́rin ni NH₃ ní, kí ló wá dé tí ẹ tún ní kì í ṣe tetrahedral?" Mo ní, "Ibi tí àwọn átọ́ọ̀mù wà la fi ń sọ orúkọ ìrísí, ọmọ mi. Èjì àdáwà wà níbẹ̀, ó ń ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò sí átọ́ọ̀mù lórí rẹ̀." Ìtò àwọn èjì inú NH₃ jẹ́ tetrahedral; ìrísí mólékù náà jẹ́ píramídì. Ó dà bí àpótí ìjókòó onísẹ̀ mẹ́ta: nitrogen lókè, hydrogen mẹ́ta ní ìdí ẹsẹ̀. Bí olùdánwò bá béèrè ìrísí, ìdáhùn kejì ló ń wá.

Èjì àdáwà ṣe pàtàkì ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ. Èjì ìdè wà láàárín átọ́ọ̀mù méjì, méjèèjì ló ń fà á, torí náà ó tẹ́ẹ́rẹ́. Èjì àdáwà, átọ́ọ̀mù àárín nìkan ló dì í mú, ó sì ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń gba àyè ju èjì ìdè lọ, ó sì ń ti àwọn yòókù sún mọ́ra. Ẹ wo CH₄, NH₃ àti H₂O ní ìtòtẹ̀léra: 109.5°, 107°, 104.5°. Èjì mẹ́rin ni gbogbo wọn ní. Àdáwà kò sí, ó di kan, ó di méjì, igun sì ń dín kù. Mo fẹ́ràn ìtòtẹ̀léra yìí gan-an. Ó fi han ọmọ pé òfin kékeré kan lè sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ máa wọ̀n.

Ìdè oníméjì àti onímẹ́ta máa ń dà àwọn ọmọ láàmú, bẹ́ẹ̀ kò le. Ẹ kà á bí ọ̀kan, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kọjú sí. Nínú CO₂, ìdè oníméjì kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kò sí àdáwà lórí carbon: gbọọrọ. Nínú SO₂, ìsọ̀rí mẹ́ta ló yí sulphur ká, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ àdáwà. Ó tẹ̀, igun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 119°. Ẹni tó bá há CO₂ sórí, tó wá rò pé SO₂ máa bá a dọ́gba torí átọ́ọ̀mù mẹ́ta ni àwọn náà, ibí ló máa ṣubú sí.

Mo kọ àwọn tó máa ń jáde nínú ìdánwò àti àwọn tí ẹ máa pàdé ní ọdún kìíní yunifásítì sílẹ̀ báyìí:

| Mólékù | Èjì gbogbo | Àdáwà | Ìrísí | Igun tí wọ́n wọ̀n |
|---|---|---|---|---|
| BF₃ | 3 | 0 | onígun mẹ́ta pẹrẹsẹ | 120° |
| CH₄ | 4 | 0 | tetrahedral | 109.5° |
| NH₃ | 4 | 1 | píramídì | 107° |
| H₂O | 4 | 2 | títẹ̀ | 104.5° |
| PCl₅ | 5 | 0 | píramídì méjì tó fi ìdí kanra | 90° àti 120° |
| ClF₃ | 5 | 2 | lẹ́tà T | 87.5° |
| SF₆ | 6 | 0 | octahedral | 90° |
| XeF₄ | 6 | 2 | onígun mẹ́rin pẹrẹsẹ | 90° |

Ẹ dúró díẹ̀ lórí XeF₄. Títí di 1962, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé xenon àti àwọn gáàsì gúrúùpù rẹ̀ kì í bá nǹkan kan ṣe pọ̀. Ọdún yẹn ni Neil Bartlett ṣe ohun àkọ́kọ́ tó ní xenon nínú, ní Kánádà, wọ́n sì ṣe XeF₄ ní ọdún kan náà. Ẹ kà á: 8 + 4 = 12, èjì mẹ́fà, àdáwà méjì. Àwọn àdáwà méjèèjì máa fẹ́ jìnnà síra jù lọ, ọ̀kan á lọ sókè, ọ̀kan á lọ sísàlẹ̀, fluorine mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì wà pẹrẹsẹ ní àárín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n bá a nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọmọ SS3 tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè fi bírò àti bébà dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Hybridization: ó ń ṣàlàyé ju bó ṣe ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ

Linus Pauling ló gbé èyí jáde ní 1931. Ó ní kí átọ́ọ̀mù àárín tó so mọ́ òmíràn, ó máa ń da orbital s àti p rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n lè di orbital tuntun tó dọ́gba: méjì fún sp, mẹ́ta fún sp², mẹ́rin fún sp³. Èrò tó lẹ́wà ni, ó sì ràn wá lọ́wọ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè kan fún àwọn méjèèjì ká wo ẹni tó máa dáhùn. Kí ni ìrísí H₃O⁺? VSEPR: 6 + 3 − 1 = 8, èjì mẹ́rin, átọ́ọ̀mù mẹ́ta, àdáwà kan, píramídì. Ó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ hybridization máa sọ pé sp³ ni oxygen. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé sp³ ni, kì í ṣe sp². Ó máa ní torí pé èjì mẹ́rin ló yí i ká. Ẹ rí i? Kíkà VSEPR ló yá lò, ó wá fi orúkọ mìíràn pè é. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n fi VSEPR wá ìrísí, kí wọ́n wá kọ sp³ sí abẹ́ rẹ̀ bí ìbéèrè bá ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ibi tí hybridization ti borí ni kẹ́mísírì carbon. Ẹ mú ethene, C₂H₄. VSEPR máa sọ fún yín pé àwọn tó yí carbon kọ̀ọ̀kan ká jẹ́ mẹ́ta, nítorí náà igun rẹ̀ sún mọ́ 120°. Òótọ́ ni. Àmọ́ bí a bá ń ka èjì lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí, kò sí ohun tó sọ fún wa pé CH₂ ti ọ̀tún àti CH₂ ti òsì gbọ́dọ̀ wà lórí pẹrẹsẹ kan náà, tàbí pé ìdè àárín wọn ò ṣeé yí bí a ṣe ń yí ti ethane. Hybridization sọ ọ́: orbital p kan kù lórí carbon kọ̀ọ̀kan, méjèèjì gbọ́dọ̀ dojú kọ ara wọn kí wọ́n tó lè kan ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹ bá sì yí ọ̀kan, ìdè kejì máa já. Láti ibẹ̀ la ti dé isomer cis àti trans (mólékù tí átọ́ọ̀mù wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí ìtò wọn yàtọ̀), la sì ti dé benzene. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìmọ̀ oògùn, ìmọ̀ ìṣègùn tàbí kẹ́mísírì fúnra rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin tàbí ní KWASU ní Málétè kò lè sá fún un.

Ó tún láǹfààní lórí H₂S. Igun rẹ̀ jẹ́ 92°, ti PH₃ sì jẹ́ 93.5°. VSEPR máa sọ pé wọ́n ní láti kéré sí 109.5°, ó sì tọ̀nà, àmọ́ kò ní sọ pé wọ́n máa kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé orbital p mẹ́ta dúró ní 90° síra máa rí i pé sulphur àti phosphorus fẹ́rẹ̀ẹ́ lo orbital p lásán, wọn ò da s pọ̀ mọ́ ọn tó bí oxygen àti nitrogen ṣe dà á.

Nípa sp³d àti sp³d² tí wọ́n ń kọ sí PCl₅ àti SF₆, mo máa sọ̀rọ̀ gbangba. Ìṣirò òde òní fi hàn pé orbital d ò kó ipa tó pọ̀ nínú wọn. Bí ìwé ìdánwò bá béèrè, ẹ kọ ọ́, torí máàkì yín ló wà níbẹ̀. Ẹ má kàn gbé gbogbo òye yín lé e. Bákan náà, bí wọ́n bá fi ìmọ́lẹ̀ alágbára lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde kúrò nínú CH₄, ìpele agbára méjì ni wọ́n ń rí fún àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ìdè rẹ̀, ọ̀kan ní nǹkan bí 14 eV (òṣùwọ̀n agbára), èkejì ní nǹkan bí 23 eV. Orbital sp³ mẹ́rin tó dọ́gba ìbá jẹ́ ká retí ìpele kan ṣoṣo. Àwòrán tó wúlò ni hybridization, kì í ṣe fọ́tò inú mólékù.

Ibi tí VSEPR fúnra rẹ̀ ti ń dákẹ́

Kò ní bójú mu kí n yìn ín láìsọ ààlà rẹ̀. Kì í fún yín ní iye igun gan-an. Ó kàn máa sọ pé ó dín sí èyí tàbí ó ju tọ̀hún lọ. Ó ṣe dáadáa lórí NF₃: igun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 102°, ó kéré sí ti NH₃, torí fluorine ń fa èjì ìdè kúrò lọ́dọ̀ nitrogen, àyè tí wọ́n ń gbà nítòsí rẹ̀ sì dín kù. Àmọ́ kò ṣeé gbára lé fún àwọn irin àárín tábìlì periodic. Ẹ wo nickel: [NiCl₄]²⁻ jẹ́ tetrahedral, [Ni(CN)₄]²⁻ jẹ́ onígun mẹ́rin pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ nickel kan náà ni, ohun mẹ́rin-mẹ́rin ló sì so mọ́ ọn. Crystal field, èrò mìíràn tí wọ́n ń lò fún irú àwọn irin bẹ́ẹ̀, ló ń dáhùn ìyẹn. Kódà BaF₂, bó bá di gáàsì, ó máa ń tẹ̀, VSEPR sì ní kó tò gbọọrọ. Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó nílò igun tó péye, kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lọ fi ṣírò. Fún gbogbo ohun tó wà nínú WAEC, àti èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún kìíní, àwọn ààlà yìí ò ní dí yín lọ́wọ́.

Bàlúùnù, amọ̀ tàbí fóònù?

Ìṣòro tó kù ni pé bébà tẹ́ pẹrẹsẹ, mólékù ò sì tẹ́. Ọmọ tó ń wo CH₄ tí wọ́n yà bí àgbélébùú lójú pátákó máa rò pé 90° ni igun rẹ̀, àṣìṣe yìí sì ṣòro láti yọ lọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó gbọ́dọ̀ rí i kó tó yà á.

Bàlúùnù ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú kíláàsì. Ẹ fẹ́ wọn kí wọ́n dọ́gba, ẹ so ìdí wọn pọ̀. Méjì máa dojú kọ ọ̀nà méjì. Mẹ́ta máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí ẹ bá so ẹ̀kẹrin mọ́ ọn, wọ́n máa yí ara wọn padà di tetrahedral lójú gbogbo ènìyàn, láìsí ẹni tó fọwọ́ tò wọ́n. Ẹ tẹ̀ wọ́n sílẹ̀ tipátipá, wọ́n máa padà sí ipò wọn bí ẹ bá jọ̀wọ́ wọn. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn: òfin náà ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ ò parọ́ fún ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi àdáwà hàn, ẹ fẹ́ ọ̀kan kó tóbi ju àwọn yòókù lọ, ẹ máa rí i tó ń ti wọ́n sún mọ́ra. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń bẹ́, pàápàá bí oòrùn ọ̀sán bá ń ta sínú yàrá. Kò sì ṣeé gbé dé ilé.

Amọ̀ yàtọ̀. Amọ̀ kì í tò fúnra rẹ̀. Ẹ fi amọ̀ ṣe átọ́ọ̀mù, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣe ìdè; akẹ́kọ̀ọ́ ló máa pinnu ibi tí ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa wọ̀. Torí náà, mo máa ń fi bàlúùnù kọ́ni, mo sì máa ń fi amọ̀ dán wọn wò. Ìlọrin kò ṣaláìní amọ̀ tó dára. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Òkèlélé ti ń fi mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ẹ bò ó pẹ̀lú aṣọ tútù títí ẹ fi máa lò ó, torí bó bá gbẹ, ó máa ń sán níbi tí igi bá wọ̀.

Bí ọmọ bá fẹ́ kí igun rẹ̀ péye sí 109.5°, kó wá páálí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba. Kó sàmì sí igun kan lókè, kó fo èyí tó tẹ̀ lé e, kó sàmì sí èyí tó kọjú sí ti àkọ́kọ́ ní ìdábùú. Nísàlẹ̀, kó sàmì sí àwọn méjì tí kò sí àmì lórí igun tó wà lókè wọn. Igun mẹ́rin wọ̀nyí, bí a bá na okùn sí wọn láti àárín gbùngbùn páálí, 109.5° ló wà láàárín okùn méjì èyíkéyìí. Ọmọ tó mọ trigonometry lè fi ìyẹn ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé iye náà kò ti ojú ọ̀run já bọ́.

Àwọn ilé ìwé kan ní ohun èlò tí wọ́n fi ń to bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá pọ̀. Ó dára fún carbon. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti lu ihò rẹ̀ sí ibi tí ó máa wà, èjì àdáwà ò lè ti nǹkan kan níbẹ̀.

Fóònù: ẹ wá Molecule Shapes ti PhET, ti Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, orí browser ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa fi ìdè kún un, ẹ máa fi àdáwà kún un, ẹ máa fi ìka yí i, igun sì máa hàn. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi mólékù gidi àti ti àwòṣe wé ara wọn. Ẹ ṣí omi níbẹ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín 109.5° àti 104.5°. Fún ẹni tó ń dá kàwé nílé, tó sì ní dátà, èyí ni mo máa yàn fún un ju àwọn yòókù lọ. Fún kíláàsì tí èrò pọ̀ sí, tí iná ò sì dájú, bàlúùnù ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ jẹ́ kó parí sórí bébà, torí bébà ni olùdánwò máa rí. Ìlà lásán fún ìdè tó wà lójú bébà, ìlà tó nípọn tó sì fẹ̀ ní ìparí fún èyí tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ìlà onígékúrú fún èyí tó ń lọ sẹ́yìn. CH₄ gba ìlà lásán méjì, ọ̀kan tó nípọn, ọ̀kan onígékúrú.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kíláàsì yín ti gbọ́ VSEPR yé tàbí wọ́n ṣì ń há a sórí, ẹ fún wọn ní amọ̀ àti ẹyọ ìgbálẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe SF₄. Wọ́n máa ka èjì márùn-ún, àdáwà kan. Ẹ má sọ ibi tí àdáwà yẹn máa wà fún wọn. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kan fi sókè, kí èkejì fi sí ìbàdí, kí wọ́n wá ka iye èjì ìdè tó wà ní 90° sí i. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ máa rí mẹ́ta, ẹgbẹ́ kejì máa rí méjì. Ẹ wá bi wọ́n pé níbo ni àdáwà náà máa fẹ́ jókòó sí.